Fíìmù tí ẹ wò láìpẹ́: kí lojú yín rí?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú ilé o. Ìdájọ́ tèmi rèé. Lísàbí (2024): ìjà gbóná, ìlù dùn, ṣùgbọ́n ta ló ń fọ aṣọ fún wọn? Ẹni tó ń roko látàárọ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́ ju èyí tí mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Everybody Loves Jenifa: mi ò rántí ìtàn rẹ̀ mọ́, ẹ̀rín tí mo rín nìkan ni mo rántí. Dahomey ti Mati Diop: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, mi ò mira. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ṣábẹ̀ẹ́: Jẹ́nífà ni tèmi. Ó tó mi.

Ará Akaba: Tèmi ò tuntun, The Woman King ti 2022 ni. Àbúrò mi gbé e wá sí Kétu nínú flash. A ní kí ìyá àgbà wá wò ó, a rò pé inú wọn á dùn sí obìnrin tó ń jagun. Èmi ni mò ń túmọ̀. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé Ìdàhọ̀mì, ìjọba àwọn Fọ̀n ní Àgbómẹ̀, ni akọni, Ọ̀yọ́ lọ̀tá, wọ́n tú gèlè, wọ́n tún un wé. Wọ́n ní, "Àwọn tó jó Kétu, tó kó ìyá ìyá mi lọ sí Àgbómẹ̀, àwọn lẹ ní kí n pàtẹ́wọ́ fún?" Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣa ẹ̀wà wọn. Mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Zẹ́mìjàn Akọ̀wé: "Wọ́n lọ ṣa ẹ̀wà wọn" 😂😂 Mo ti kú.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Eré ni kẹ̀! 1823 ni fíìmù yẹn dá lé. 1886 ni Kétu tó jó.

Ará Akaba: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ sí Kétu kí ẹ wá ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá àgbà. Ẹ̀wà ò tíì tán.

Tísà Nàgó: Èyí tó ká mi lára nínú Dahomey nìyẹn. Ohun àfin 26 tí Faransé kó ní Àgbómẹ̀ ni wọ́n dá padà fún Bẹ̀nẹ̀ ní 2021, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń jiyàn pé ó kéré. Ó dáa. Èyí tí Àgbómẹ̀ kó ní Kétu ńkọ́, ta ni yóò dá a padà?

Zẹ́mìjàn Akọ̀wé: Tísà ti dáná sun ilé.

Bàbá Ràímì: Ẹ rọra o. Fọ̀n ni ìyàwó mi, ó ń kà á láti ẹ̀yìn mi.

Ará Akaba: Kí ni wọ́n sọ?

Bàbá Ràímì: Ó ní oúnjẹ alẹ́ òní, kí n lọ gbà á ní Kétu.

Zẹ́mìjàn Akọ̀wé: Kò sẹ́ni tó wo Mami Wata (2023) ni? Ilẹ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀ níbí ni wọ́n ti yà á. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, mo fẹ́ pa á, àmọ́ ara wọn ń dán bí ẹni fi òróró pa, mo wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìtàn rẹ̀ ló fà díẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ó fà púpọ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣábẹ̀ẹ́: Ta ló ní Lísàbí nínú flash ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí? Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ni mo fẹ́ fojú ara mi rí.