Cookie kì í bá áàpù mi lọ lórí iPhone: ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbà mí o. HTML, CSS àti JavaScript ni iṣẹ́ mi. N kò mọ Swift tàbí Kotlin tí wọ́n fi ń kọ áàpù fóònù. Mo fi React kọ ìkànnì kan tí àwọn alájọ fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó, mo wá fi Capacitor sọ ọ́ di áàpù. Ó ń ṣiṣẹ́ geere lórí Android. Lórí iPhone, oníbàárà á wọlé, sáfà á dá 200 (ó ti yọrí) padà, àmọ́ ìbéèrè tó tẹ̀lé e á gba 401 (a kò dá ọ mọ̀), torí cookie, ìsọfúnni kékeré tí sáfà fi ń dá oníbàárà mọ̀, kò bá a lọ.

Mo ti fi credentials: 'include' sí fetch kí cookie lè bá ìbéèrè lọ, cookie ti ní SameSite=None àti Secure kí ó lè ṣiṣẹ́ láti ìkànnì mìíràn, CORS (ètò tó ń sọ àdírẹ́sì tó lè ka èsì sáfà) sì ti gba capacitor://localhost, àdírẹ́sì áàpù mi lórí iPhone, láyè. Pàbó ló já sí. Ó jọ pé WKWebView, ohun tó ń ṣí ìkànnì nínú áàpù iPhone, ń ka sáfà mi sí àjèjì. Àwọn kan ní kí n kó token (kọ́ọ̀dù ìwọlé oníbàárà) sínú localStorage, ibi ìpamọ́ tí JavaScript èyíkéyìí nínú áàpù lè kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó olówó ni. Ọkàn mi kò gbà á.

Ṣé kí n tan CapacitorCookies àti CapacitorHttp, tó ń gbé cookie àti ìbéèrè gba ọ̀dọ̀ fóònù fúnra rẹ̀, ni, àbí kí n pa cookie tì, kí n máa tọ́jú token sínú Keychain, ibi ìpamọ́ aláàbò iPhone? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, èwo ni kò já yín kulẹ̀ lórí iPhone?