Iná táyà tàn nínú mọ́tò mi: afẹ́fẹ́ mélòó ni kí n fi sí i?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, oorun ṣì wà lójú mi, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá rí jákujàku. Nígbà tí mo ṣáná sí mọ́tò ní aago méje ààbọ̀, yìnyín ti bo gíláàsì, iná yẹ́lò kan sì tàn níwájú mi. Ó dà bí ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ṣí sókè, àmì ìyanu wà nínú rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ta táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nípàá bí bàbá mi ti máa ń ṣe, kò sí èyí tó rọ̀ lójú mi. Mo yà sí ilé epo, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà: MAX PRESS 51 PSI (PSI ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà). Mo bá fi 50 sí gbogbo wọn, mo ní kí n ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ìṣọ́ra. Láti ibẹ̀ délé, ṣe ni mọ́tò ń ta pọ́ún bí ọmọ ewúrẹ́, iná yẹn ò sì kú. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ọmọ Ìbàdàn, Peckham
Ẹ kú àbọ̀ iṣẹ́ mà. 50 kẹ̀! Nílé, 40 ni fọkanáísà àdúgbò wa máa ń fi sí gbogbo mọ́tò, ì báà ṣe Micra, ì báà ṣe Sienna, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹ dín in kù sí 40, kí ẹ lọ sùn.

Bàbá Àdúnní, Coventry
Ẹ kú àbọ̀, Ìyá Ìbejì. Ọmọ Ìbàdàn, àbúrò mi, rọra. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà lẹ́bàá gáréèjì ní Òṣogbo kí n tó wá síbí, iṣẹ́ táyà náà ni mo sì ń ṣe títí di òní. Ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, 40 lòun náà máa ń fi sí gbogbo mọ́tò. Ṣùgbọ́n géèjì ọ̀gá mi ti já lulẹ̀ tó ìgbà ogún. 40 rẹ̀ lè jẹ́ 33, ó lè jẹ́ 46, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìyá Ìbejì, nọ́ńbà ara táyà, ti táyà ni, kì í ṣe ti mọ́tò. Ẹni tó ṣe táyà ò mọ mọ́tò tí wọn yóò gbé e sí. Ibi tí agbára táyà náà mọ ló ń sọ fún yín, pé ẹ má kọjá ibẹ̀. Bí a bá ra garawa tó ń gba ogún lítà, ṣé torí ẹ̀ la ó ṣe fi ogún lítà bọ́jú?

Nọ́ńbà tí ẹ ń wá wà lára mọ́tò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́, ẹ ó rí sítíkà kan níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀yìn ìdérí ibi tí a ń bu epo sí wò. Ó tún wà nínú ìwé tó bá mọ́tò wá. Bí sítíkà yẹn bá to oríṣi táyà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára táyà tiyín, irú bíi 205/55 R16, kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Nọ́ńbà wọn kì í sábà dọ́gba.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti fi bùbá tí mo fi ń sùn jáde lọ wò ó, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Mo rí i lára òpó. Ṣùgbọ́n apá méjì ló ní. Lókè apá kan, wọ́n ya ènìyàn mẹ́ta àti àpò kan. Lókè èkejì, ènìyàn márùn-ún àti àpò mẹ́ta. Apá àkọ́kọ́ ní 2.3 níwájú, 2.1 lẹ́yìn. Apá kejì ní 2.4 níwájú, 2.8 lẹ́yìn. Kí ló ń jẹ́ 2.3 nísinsìnyí?

Bàbá Àdúnní, Coventry
Bar nìyẹn, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mìíràn bíi PSI. Bar kan jẹ́ PSI 14.5. Nítorí náà 2.3 jẹ́ 33, 2.1 jẹ́ 30, 2.4 jẹ́ 35, 2.8 jẹ́ 41. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé epo ló ní bọ́tìnnì tí ẹ lè fi yí i láti bar sí PSI, ẹ kàn rí i dájú pé èyí tí ẹ ń kà lẹ mọ̀.

Apá méjì yẹn, ẹrù ló fà á. Lójoojúmọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin àtàwọn ìbejì nìkan, 33 níwájú, 30 lẹ́yìn. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sí òwàmbẹ̀ ní London, tí àgbàlagbà mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tàwọn ti gèlè wọn, tí kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù méjì àti páálí mínírà kún búùtù, ẹ fi 35 síwájú, 41 sẹ́yìn kí ẹ tó gun mọ́tòwéè. Ẹ rí i pé ẹ̀yìn ló gbà jù, torí ẹ̀yìn lẹrù wà. Bí òde bá parí, ẹ dá a padà.

Ti 50 tó ń ta pọ́ún, àárín táyà nìkan ló ń tẹ ilẹ̀ báyìí, etí méjèèjì ti gbéra. Bí òjò bá rọ̀ tí ẹ sì tẹ bíréèkì, kì í dúró bó ṣe yẹ. Àárín yẹn náà ló máa kọ́kọ́ jẹ tán. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, etí méjèèjì ló máa ń jẹ. Èmi, bí mo bá ti fọwọ́ ra ojú táyà, mo ti mọ ìwà ẹni tó ni ín.

Àǹtí Bísí, Dublin
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Bàbá Àdúnní, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo lọ sílé ní oṣù Kejìlá, dẹ́rẹ́bà tó gbé wa láti Èkó lọ sí Ìbàdàn dúró lọ́nà lọ́sàn-án gangan, ó ń tú afẹ́fẹ́ dànù lára táyà. Ó ní oòrùn ti mú un wú, kí ó má baà bẹ́. Ọkọ mi ní ó gbọ́n. Ọkàn tèmi ò balẹ̀.

Bàbá Àdúnní, Coventry
Àǹtí, ọkàn yín ló gbọ́n. Lóòótọ́ ni afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń lọ sókè bí mọ́tò bá ń sáré, ó lè fi mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe mọ́tò ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá tú u dànù nígbà tó gbóná, tó bá tutù tán lálẹ́, ẹ ó rí i pé ó ti kéré jù.

Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré gan-an ló sì ń bẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ mú wáyà hangà kan, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwájú, sẹ́yìn, kíákíá, kí ẹ wá fọwọ́ kan ibi tó ń tẹ̀ yẹn. Ó ti gbóná. Ẹ máa bá a lọ, ó máa dá. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà tó rọ̀ ṣe ń ká tó sì ń nà nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, láti Bẹ́gà títí dé Ìwó Road. Ooru yẹn ló ń tú ohun tí wọ́n fi hun ún. Àwọn èèyàn á ní afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹ máa gééjì táyà nígbà tó tutù, ìyẹn tí mọ́tò ti dúró tó wákàtí mẹ́ta, tàbí tí kò tíì rìn ju máìlì kan sí méjì.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ilé epo tó sún mọ́ mi tó máìlì mẹ́rin o. Kí n tó débẹ̀, táyà ti gbóná.

Bàbá Àdúnní, Coventry
Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ní géèjì tiyín nílé. Kò wọ́n. Lówùúrọ̀, kí ẹ tó ṣáná, ẹ gééjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní iwájú òsì jẹ́ 28 tó yẹ kó jẹ́ 33, ó ku márùn-ún. Tí ẹ bá dé ilé epo, ẹ gééjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lè ti di 31 torí ooru. Ẹ má fi 33 sí i, márùn-ún yẹn ni kí ẹ fi lé e, kó di 36. Bó bá tutù, á padà sí 33. Àbí kí ẹ kúkú ra pọ́ǹpù kékeré tó ń lo iná mọ́tò, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń gba owó yín.

Ti òní, ẹ lọ sùn. Nírọ̀lẹ́, kí ẹ tó gbéra, ẹ yọ ìdérí fáàfù, ẹ fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ tẹ irin tín-ín-rín àárín rẹ̀. Á máa ké ṣíì. Ẹ kà dé ẹ̀ta, ẹ jáwọ́, ẹ fi géèjì wò ó, títí á fi dé ibi tí ẹ ń lọ. Kí ẹ dá ìdérí padà o, iyọ̀ àti ẹrẹ̀ títì ń ba fáàfù jẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Minneapolis
Ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń gbé inú fíríìjì náà sọ̀rọ̀. Bí ìwọ̀n ooru ojú ọjọ́ bá fi 10 lórí Fahrenheit lọ sílẹ̀, ìyẹn bíi 5.6 lórí Celsius, PSI kan á kúrò nínú táyà, láìjẹ́ pé ó jò. Mo fi 35 sí tèmi ní oṣù Kẹsàn-án, ojú ọjọ́ jẹ́ 20°C. Oṣù Kìíní tó di −20°C, mo bá 28 níbẹ̀. Iná ò tàn rárá! Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó kan gbogbo mọ́tò tuntun láti ti ọdún 2008, ní kí iná náà tàn bí afẹ́fẹ́ bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín. Fún 35, ó di bíi 26. Bí iná yín bá tàn, ó ti pẹ́ tí ebi ti ń pa táyà. Oṣooṣù ni mò ń wò tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní California kì í sanwó afẹ́fẹ́ o. Òfin ibẹ̀ ní kí ilé epo fún ẹni tó bá ra epo ní afẹ́fẹ́ àti omi lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ńkọ́? Kọ́ìnì la fi ń ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó ti lẹ́ mọ́ irin.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Tí iná náà ò bá wá kú lẹ́yìn gbogbo èyí ńkọ́?

Bàbá Àdúnní, Coventry
Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré nínú táyà kọ̀ọ̀kan, òun á kú fúnra rẹ̀ bí ẹ bá wà á díẹ̀. Èkejì ò mọ afẹ́fẹ́ rárá, bí táyà ṣe ń yí ló ń kà: èyí tó bá rọ̀ máa ń yára yí ju àwọn yòókù lọ. Irú èyí, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ẹ ti tún un ṣe. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SET sí, tàbí inú menu, lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá pé. Bí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì jọ rọ̀ pọ̀, ó lè má rí nǹkan kan. Tí iná náà bá ń ṣẹ́jú fún bíi ìṣẹ́jú kan kó tó wá tàn láìṣẹ́jú mọ́, ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́. Ẹ má fojú fò ó, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ní MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún níbí, fún mọ́tò tó kọ́kọ́ jáde láti 1 January 2012.

Ọmọ Ìbàdàn, Peckham
Ẹ̀yin àgbà, mo ti lọ wo tèmi. Sítíkà ní 32. Mẹ́ta jẹ́ 38, ó dáa, mo gbà. Ẹ̀yìn ọ̀tún jẹ́ 19! Ojú lásán ò mọ̀ ọ́n rárá, ó dúró gbọnin bí àwọn tó kù. Mo wá rí orí ìṣó kan tó ń dán nínú rẹ̀. Ṣé kí n fà á yọ?

Bàbá Àdúnní, Coventry
Má fọwọ́ kàn án! Ìṣó yẹn ló ń bá ọ dí ihò. Fi afẹ́fẹ́ sí i kó pé 32, rọra wà á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe lónìí, má gba mọ́tòwéè. Àárín ibi tó ń tẹ ilẹ̀ ni ìṣó náà wà àbí ẹ̀gbẹ́?

Ọmọ Ìbàdàn, Peckham
Àárín ni, sà.

Bàbá Àdúnní, Coventry
Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ ni wọn kì í lẹ̀, tuntun lò bá rà.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Aago méje alẹ́ rèé. 33 níwájú, 30 lẹ́yìn, mo tẹ SET, iná ti kú. Mo ń lọ síbi iṣẹ́. Bàbá Àdúnní, ọjọ́ ìkómọ àbúrò mi ní London, èmi àtàwọn kúlà mi á yà lọ́dọ̀ yín.