Bùláòsì £4: ta ló san ìyókù owó rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́, Coventry:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Oṣù kẹta tí mo dé ìlú ọba nìyí, owó ọwọ́ mi kò sì tó nǹkan, nítorí náà àwọn ilé ìtajà olówó pọ́ọ́kú ni mo ń ná: oúnjẹ ní Aldi, aṣọ ní Primark àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan tí a jọ wà ní kíláàsì sọ fún mi pé òógùn àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni mò ń rà. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe?

Ìyá Ìbejì, Leicester:
O káàbọ̀ o, àbúrò mi. O ṣeun tí o béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti lo ogún ọdún nílùú yìí láìbéèrè. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́ n'Íbàdàn kí n tó wá síbí, nítorí náà aṣọ ni n ó kọ́kọ́ fi dá ọ lóhùn.

Mú bùláòsì £4 kan, yí i sí òdì, kí o sì wo ojú rírán rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú èyí tí ọmọ mi rà: èjìká méjì, ẹ̀gbẹ́ méjì, apá méjì tí wọ́n so mọ́ ara rẹ̀, kọ́là, etí ìsàlẹ̀ tí wọ́n ká tí wọ́n sì rán mọ́lẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́fà pẹ̀lú ihò mẹ́fà. Ọwọ́ ènìyàn ló darí gbogbo rẹ̀ lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Nínú £4 yẹn, ìjọba á yọ nǹkan bí 67p fún owó orí ọjà. Owó aṣọ, owó òwú, owó ọkọ̀ ojú omi, owó ilé ìtajà àti èrè oníṣòwò ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ti ẹni tó jókòó ti maṣíìnì.

Má rò pé òkèèrè nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2020, ìròyìn jáde pé àwọn tó ń rán aṣọ fún Boohoo, ilé iṣẹ́ tó ń ta aṣọ olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Leicester níbí ń gba £3.50 ní wákàtí kan, nígbà tí òfin sọ pé ẹni tó bá ti pé ọdún 25 kò gbọdọ̀ gbà tó kéré sí £8.72. Alison Levitt, agbẹjọ́rò tí Boohoo fúnra rẹ̀ gbà láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kọ ọ́ sínú àbọ̀ rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún náà pé òótọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀sùn náà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yàtọ̀. Nǹkan bí 2,000 oríṣi ọjà ni Aldi ń tà, nígbà tí ilé ìtajà ńlá mìíràn lè ní ju 20,000 lọ. Inú páálí tí ọjà bá wá ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ sí, wọn kì í san owó fún ẹni tí yóò máa tò ó lẹ́yọ lẹ́yọ. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀dínwó náà ti wá. Láti ọdún 2013 ni aláṣẹ kan ti wà tó ń ṣọ́ bí àwọn ilé ìtajà oúnjẹ ńlá ṣe ń ṣe sí àwọn tó ń kó ọjà wá fún wọn, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn tó ń kó ọjà náà fúnra wọn fi Aldi sí ipò kìíní nínú àwọn tó ń bá wọn ṣe dáadáa. Ra ìrẹsì àti ẹyin rẹ níbẹ̀ kí o sì sùn.

Ibi tó dùn mí jù ni ẹrù oṣù kejìlá. Àwa tí a ń sọ pé a kò lówó náà là ń ra ogójì ṣẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú sínú àpótí, kí ẹnikẹ́ni nílé má baà sọ pé a kò rántí òun. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, owó ni mo ń fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi ra ankárá kí télọ̀ àdúgbò sì rán an fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bínú lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: bùbá tó bá a lára mu, tí ojú rírán rẹ̀ gún régé.

Bàbá Káyọ̀dé, Manchester:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá pa àwọn ilé ìtajà yìí tì, ṣé kì í ṣe àwọn obìnrin Bangladesh tó ń ránṣọ náà ni ebi máa pa? Ṣé kí a wá máa lọ sí ibi tó wọ́n ni?

Ìyá Ìbejì, Leicester:
Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí a pa wọ́n tì. Owó gọbọi kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé wọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ní 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ògiri Rana Plaza, ilé alájà mẹ́jọ kan ní Savar lẹ́bàá Dhaka, sán. Báńkì tó wà nínú ilé náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ má wá. Àwọn aránṣọ ni wọ́n pàṣẹ fún pé kí wọ́n wọlé lọ́jọ́ kejì. Ilé náà wó lé wọn lórí, àwọn tó kú sì lé ní 1,100. Wọ́n rán aṣọ fún Primark nínú ilé náà, wọ́n sì ti rán fún Benetton náà rí, tí aṣọ rẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ fọwọ́ sí ni àdéhùn tó ní agbára òfin, pé kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa yẹ àwọn ilé tí wọ́n ti ń ránṣọ wò. Ìbéèrè àwọn oníbàárà wà lára ohun tó tì wọ́n débẹ̀.

Nítorí náà, àbúrò mi, béèrè. Òfin ọdún 2015 sọ pé ilé iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un bá tó £36 mílíọ̀nù lọ́dún gbọdọ̀ kọ ohun tó ń ṣe nípa ìfiniṣẹrú jáde lọ́dọọdún. Wo ìsàlẹ̀ ojú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá rí Modern Slavery Statement. Má ka ọ̀rọ̀ dídùn ibẹ̀. Wá orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ibi tí wọ́n ti ń ránṣọ. Láti ọdún 2018 ni Primark ti ń gbé tirẹ̀ jáde. Ibi tí n kò bá ti rí orúkọ kankan, n kì í ra aṣọ níbẹ̀, lẹ́tà ni mò ń kọ sí wọn, mo sì ti gba èsì lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá fẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́, sọ fún mi, n ó fi ránṣẹ́ sí ọ lálẹ́ òní.