Kí ẹ tó kó ọjà lọ sílùú onílùú: ìrírí àwa ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Aláṣọ Ọjà Ọba, Àkúrẹ́:

Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá. Ẹni tó béèrè lánàá pé èló ni wọ́n ń ta àdìrẹ ní Kùmásì nílẹ̀ Gánà, mo ti rí ìbéèrè yín, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi àdìrẹ ránṣẹ́ sí Gánà láti Ọjà Ọba níbí. Iye owó kọ́ ni mo rí tó ń dá oníṣòwò àlejò dúró níbẹ̀. Ẹni tí òfin gbà láyè láti tà, àti ìgbà tí àwọn ará ìlú ń rà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí.

Òfin Gánà ti ọdún 2013 lórí ìdókòwò àjèjì kò fi ọ̀rọ̀ bo: títajà lórí àtẹ, títajà nínú ọjà, kíkiri, ọmọ Gánà nìkan ló wà fún. Àjèjì tó bá fẹ́ máa rà kó máa tà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ogún ọmọ Gánà tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Mílíọ̀nù kan dọ́là! Èwo nínú wa ló ní in? Síbẹ̀ àwọn èèyàn wa ń lọ gba ṣọ́ọ̀bù ní Àkírà àti Kùmásì, wọ́n ń kó ẹrù kún un láìbi ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2019, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn pa. Àwọn kan ń sọ pé ECOWAS gbà wá láyè. Òótọ́ ni, ECOWAS ní ká wọlé láìgba físà, ká sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Wíwọ ìlú ló sọ, kò sọ pé ká tẹ́ àtẹ.

Inú ń bí àwọn kan sí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ní àwọn ará Gánà kórìíra wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà léèrè. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ látayé òyìnbó ló dẹrù wálé. Lọ́dún 1970, òfin mìíràn fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ onílùú. Ẹ̀rù pé àlejò máa gba àtẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Bí àjèjì bá wá tẹ́ aṣọ sí Ọjà Ọba tiwa, tó ń já yáàdì kọ̀ọ̀kan tà, ṣé ìyálọ́jà máa dákẹ́?

Torí náà, mi ò gba ṣọ́ọ̀bù. Ìyá kan tó ń taṣọ ní ọjà Kejetia ní Kùmásì ló ń rà lọ́wọ́ mi, tó sì ń tà fáwọn èèyàn rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìyá náà, ẹni tó mú mi lọ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ̀rọ̀ ọjà. Mo kí àwọn tó jókòó láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì, bí àwọn Àṣáńtì ṣe ń kí ara wọn. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n bu omi fún mi, mo mu. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá béèrè *amanneɛ*, ìyẹn ohun tó gbé mi wá. Lẹ́yìn tí mo dáhùn tán ni mo tó tú ẹrù. Ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà na aṣọ síni, ọmọ tí a kò kọ́ ló máa jọ lójú wọn. Àwa náà mọ irú ìyẹn nílé wa.

Ohun tó jọra yẹn ló sì ń tan èèyàn jẹ. Torí pé à ń kí àgbà, tá ò sì ń fi ọwọ́ òsì fúnni ní nǹkan, à ń rò pé ohun gbogbo tiwọn rí bíi tiwa. Níbí, bí àgbà bá kú, àwọ̀ tó bá wu ẹbí ni wọ́n ń mú ṣe aṣọ ẹbí, ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ó lè jẹ́ olómi ọsàn. Lọ́dọ̀ àwọn Àṣáńtì, dúdú àti pupa ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi òkú, ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń jẹ́ jù. Bó bá di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n á wọ funfun, tàbí funfun òun dúdú. Òkú kì í tán ní Kùmásì, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í wá aṣọ. Gbàrà tí ìyá yẹn ṣàlàyé fún mi ni mo ti sọ fún àwọn aláró mi pé kí wọ́n rẹ aṣọ nínú aró títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Òun ló ń lọ jù títí dòní. Àdìrẹ aláràbarà tí wọ́n ń jà dù ní Àkúrẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń fi sínú ẹrù.

Ní ti iye owó: ẹ kọ sí mi lábẹ́lẹ̀, torí ó ń yí padà bí sídì, owó Gánà, àti náírà bá ṣe ń ṣe.

Oníkòkó, Oǹdó:

Ẹ ṣé gan-an, màmá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti kòkó kún un, torí Gánà náà ló kàn.

Lọ́dún 2024, tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́jà àgbáyé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi. Ó ní kòkó kò wọ́n ní Gánà tó tibí, òun fẹ́ lọ rà á wá. Mo ní, ta ló máa tà á fún ọ? Níbí, láti 1986 tí ìjọba ti fọ́n àjọ kòkó ká, ẹni tó bá lówó lè wọ oko lọ rà. Ní Gánà, COCOBOD, àjọ kòkó ìjọba wọn, ló ń kéde iye tí àgbẹ̀ máa gbà, àwọn ilé iṣẹ́ tó bá sì fún ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè rà lọ́wọ́ àgbẹ̀. COCOBOD ti ta púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó ká a, ìdí nìyẹn tí iye tí àgbẹ̀ wọn ń gbà nígbà náà kò fi tètè gòkè bíi tiwa. Owó pọ́ọ́kú tí ọmọ yìí rí, òfin ló gbé e síbẹ̀, òfin yẹn náà ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Kò lọ mọ́, inú mi dùn sí i.

Ní ti Yúróòpù, òfin wọn ti 2023 sọ pé àwọn kò ní gba kòkó tó wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, àmọ́ àwọn olùrà ti ń béèrè ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà lórí máàpù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kòkó ní agbègbè igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Olúwa àti Ìdànrè, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó ń dùn mí pé àwọn àgbẹ̀ wa kò tíì gbọ́ ọ tó.

Ará Họ́láńdì tí mò ń bá dòwò kì í sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí kòkó bá ń rùn èéfín, gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ nìyẹn, kò ní kí èèyàn. Ọmọ iṣẹ́ mi bínú, ó ní àrífín ni. Lójú tiwọn, ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n ń tètè sọ òótọ́ fún. A pààrọ̀ ibi tí à ń sá kòkó sí, ọkùnrin náà sì tún rà.

Ọmọ Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ra ẹ̀yà ara fóònù láti Guangzhou. Méjì péré ni tèmi. Ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, ilé iṣẹ́ á sì tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí kò bá ti sanwó ṣáájú kí ọdún òyìnbó tó parí á dúró dìgbà tí wọ́n bá dé. Ẹ̀kejì, Google àti WhatsApp kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀; ẹ ti WeChat tí àwọn fi ń ránṣẹ́ síra wọn sórí fóònù yín, kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.

Ará Ọ̀wọ̀:

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ, Kùtọnu ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná. Kí ni kí n wò?

Aláṣọ Ọjà Ọba, Àkúrẹ́:

Àbúrò mi, owó wọn ni kó o kọ́kọ́ wò. Fáránkì CFA so mọ́ yúrò: 655.957 fún yúrò kan, láti 1999. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, tiwọn dúró. Àwọn tó ń kó ọjà Kùtọnu wá tà níbí jìyà. Àwọn tó ń kó tibí lọ sọ́hùn-ún jèrè. Nítorí náà, sọ fún wa èwo lo fẹ́ ṣe. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà Seme lẹrù rẹ máa gbà, má kó ohun tó máa ń bàjẹ́, torí ìjọba wa lè tún ti ibodè pa, bí wọ́n ṣe tì í láti oṣù kẹjọ 2019 títí wọ oṣù kejìlá 2020. Kọ orúkọ ọjà náà síbí, kí n bá ọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀ ní Dantokpa, ọjà ńlá Kùtọnu.