Kí là ń pe pancreas ní Yorùbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà àti nọ́ọ̀sì tó wà níbí. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Ọmọbìnrin mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú ara, Yorùbá ni mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé fún un.

Ìkọ́kọrẹ́ ló ń jẹ lọ́wọ́, ìyẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní itọ́ ẹnu rẹ̀ ti ń sọ sítáàṣì inú ewùrà yẹn di ṣúgà kó tó gbé e mì. Ó wá gba ọ̀nà ọ̀fun dé àpòlúkù, níbi tí omi kíkan ti ń pò ó. Ó yé e.

Ìjà dé níbi ìfun. Ó ní kí ló dé tí èyí tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6 fi ń jẹ́ ìfun kékeré, tí èyí tí kò ju mítà kan àbọ̀ lọ wá ń jẹ́ ìfun ńlá? Mo ní fífẹ̀ ni wọ́n wò, kì í ṣe gígùn. Ṣé mo gbà á?

Òróòro ò ṣòro. Nígbà Iléyá, ó bẹ́ mọ́ ẹ̀dọ̀ àgbò wa lára, kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ̀dọ̀ ọ̀hún.

Pancreas ni mi ò lórúkọ fún, èyí tó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Mo bi alápatà kan lọ́jà Òkè-Ajé, ẹ̀rín ló fi mí rín: "Ìyá, ẹran ni gbogbo ẹ̀!"

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ló ń fi í sílẹ̀.