Ibi tí Brooklyn Nine-Nine ti bá ayé wa mu, àti ibi tí kò ti bá a mu: ẹ sọ tiyín

Bàbá Ìbejì, Brooklyn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo apá 153 tí Brooklyn Nine-Nine ní ni mo ti wò, eré apanilẹ́rìn-ín nípa àwọn ọlọ́pàá tẹ́ṣàn kan ní Brooklyn, láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Fox ní September 2013 títí tó fi parí sórí NBC ní September 2021. Nígbà tí Fox dá a dúró ní May 2018, ó dùn mí gan-an. Ọjọ́ kejì ni NBC gbà á, mo sì yọ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn eré náà ló fẹ́ bá a wí. Apá wo ló ṣe yín bíi pé ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n ń sọ? Èwo lẹ wò tí ẹ sọ pé kì í rí bẹ́ẹ̀? Kí kálukú mú ohun tó ṣojú rẹ̀ wá.

Tèmi ni èyí tí wọ́n pè ní "Moo Moo", sáà 4, May 2017. Sájẹ́ǹtì Terry, tí Terry Crews ṣe, bí ìbejì obìnrin. Búláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ já bọ́ síta, Terry sì jáde lálẹ́ lọ wá a ní àdúgbò tó ń gbé. Ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan dá a dúró bí olè. Ìgbà tó mọ̀ pé ọlọ́pàá bíi tòun ni kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ní ìgbà òtútù ọdún 2014, ibà mú Kẹ́hìndé. Ìyàwó mi rántí pé ìgò oògùn àwọn ọmọ wà nínú mọ́tò, mọ́tò sì wà ní òpópónà kejì nítorí àìríbi páàkì. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí àga ẹ̀yìn, mò ń fọwọ́ tá lábẹ́ ìjókòó, ni iná tọ́ọ̀ṣì bá tàn sí mi lára. Wọ́n ní mọ́tò ta ni. Mo ní tèmi ni. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ lé òrùlé mọ́tò. Mi ò wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irin nínú òtútù January, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n wo káàdì mi, wọ́n wo àdírẹ́sì, wọ́n tún wò ó. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n dá káàdì padà fún mi, wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó mi ní kí ló dé tí mo pẹ́. Mo ní mi ò tètè rí oògùn náà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mi ò sọ fún un. Àjọwò la wo "Moo Moo", ibi tí Terry gbé ọwọ́ sókè ni mo ti bú sẹ́kún, ibẹ̀ ló ti gbọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀ ni pé nígbà tí Terry lọ bá ọlọ́pàá náà sọ̀rọ̀, kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tó ṣe. Ohun tó dùn ún kò ju pé kò mọ̀ pé ọlọ́pàá ni Terry. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Terry ní bájì. Ó mọ orúkọ ẹni tó dá a dúró, ó lè ní kó wá jókòó kí àwọn sọ ọ́. Ta ni èmi fẹ́ ní kó wá jókòó? Wọ́n fi hàn pé ìwé ẹ̀sùn tí Terry kọ ná an ní ipò tó ń wá, mo sì yìn wọ́n fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ti wà níbi ìpàdé àwọn ọlọ́pàá ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jó. Èmi ṣì ń wo ẹ̀yìn mi tí mo bá fẹ́ ṣí mọ́tò mi lálẹ́.

Àdùkẹ́ Báárékè

Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn ọmọ.

Báárékè ọlọ́pàá ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti dàgbà. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ńsítébù títí tó fi di ìnsípẹ́kítọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ gan-an lèmi máa ń wò nínú eré yìí. Gbogbo wọn ló ní tábìlì, tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tí bébà tán mọ́ lọ́wọ́. Bàbá mi máa ń fi owó ara rẹ̀ ra bírò àti bébà tí àwọn èèyàn fi ń kọ sítéètímẹ́ǹtì. Yúnífọ́ọ̀mù kejì, òun ló rán an. Tí òjò bá ń bọ̀, yóò kó fáìlì sínú ọ̀rá, yóò gbé e wálé, torí òrùlé ọ́fíìsì ń jò. Ìyá mi kì í sọ lọ́jà pé ọlọ́pàá lọkọ òun.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí gan-an, mo pé ọdún 15 lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá mi ní tẹ́ṣàn. Obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú káńtà, wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé nítorí ìjà. Lókè orí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé béèlì kì í ṣe fún títà, ọ̀fẹ́ ni. Ọlọ́pàá tó jókòó ti bàbá mi ń dárúkọ iye tó máa mú wá. Bàbá mi kì í gba irú owó bẹ́ẹ̀, gbogbo báárékè ló mọ̀. Ó tẹjú mọ́ bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé orí sókè títí obìnrin náà fi jáde lọ wá owó. Ìgbà yẹn ló rí mi.

Ẹ wo Brooklyn Nine-Nine dáadáa. Ta ni ọlọ́pàá burúkú inú rẹ̀? Tẹ́ṣàn mìíràn ni ẹni tó dá Terry dúró ti wá. Melanie Hawkins, ọlọ́pàá tó di ẹ̀sùn èké mọ́ Jake àti Rosa, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ méjì ní tẹ́ṣàn Nine-Nine, lọ́rùn, kì í ṣe ọmọ Nine-Nine. Kọmíṣọ́nà John Kelly tó ń tẹ́tí sí fóònù aráàlú, òkè lọ́hùn-ún ló wà. Ẹni burúkú kì í jókòó sí tábìlì tó kángun sí tiwọn, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, tí ìyàwó rẹ̀ wá bá wọn sọmọ lórúkọ. Ìyẹn gan-an ló ṣòro. Kí ni èèyàn rere ń ṣe nígbà tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń gba owó? Sáà 8 ni wọ́n ní, mi ò rí ibi tí wọ́n ti bi Jake ní ìbéèrè yẹn kó dáhùn.

Lọ́yà Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀ Àǹtí Àdùkẹ́ wọ̀ mí lára. Kí n mú "The Box" wá, sáà 5, apá 14. Sterling K. Brown ṣe oníṣègùn eyín tí wọ́n fura sí pé ó pa ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Jake àti Kápútéènì Holt, ọ̀gá tẹ́ṣàn wọn, bá a wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lálẹ́, Holt wọ aṣọ òde opera rẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn. Ní ti eré ṣíṣe, mi ò rí èyí tó dára tó o. Andre Braugher tó ṣe Holt, tó kú ní December 2023, ojú lásán ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe rí afurasí náà mú? Wọn ò ní ẹ̀rí. Jake fi ìgbéraga rẹ̀ dẹ ẹ́: ó ní kò gbọ́n, oríire ló bá a ṣe é, ọkùnrin náà sì fìbínú jẹ́wọ́. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó rọrùn láti pàtẹ́wọ́ torí òǹkọ̀wé eré ti bá wa mọ̀ pé ọkùnrin náà jẹ̀bi. Nínú yàrá tòótọ́, ta ló bá wa mọ̀?

Mo gbèjà fọ́kánáísà kan rí. Èdè Yorùbá nìkan ló gbọ́, ojú ìwé méjì ni ìjẹ́wọ́ rẹ̀, Òyìnbó tó dán mọ́rán ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni. Mo kà á fún un ní Yorùbá, ó dì mọ́ mi lápá, ó ní, "Lọ́yà, ta ló sọ gbogbo ìyẹn?" Wọ́n sọ fún un pé tó bá tẹ̀ka, yóò lọ sílé. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n tún ṣe ní 2011 ti là á sílẹ̀ pé kí wọ́n ya fídíò irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 náà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Kò sí fídíò, kò sí agbẹjọ́rò. Ìgbẹ́jọ́ nínú ìgbẹ́jọ́ la ṣe, láti mọ̀ bóyá ó fínnúfíndọ̀ jẹ́wọ́, kí adájọ́ tó da ìwé náà nù, ọkùnrin náà sì ti lo ọdún mẹ́ta látìmọ́lé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lọ bá ẹlòmíràn.

Tí mo bá ń wo "The Box" báyìí, ọwọ́ fọ́kánáísà yẹn ni mò ń rí, tádàwà ṣì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ṣeun

Ẹ ṣeun. Tèmi ò gùn. Oṣù 14 ni wọ́n fi ti àbúrò mi mọ́lé láìgbẹ́jọ́, wọ́n wá ní ẹlòmíràn ni àwọn ń wá. Nígbà tí wọ́n sọ Jake sẹ́wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 5, mo gbàdúrà pé kí wọ́n ṣe é dáadáa. Nínú apá tó ń jẹ́ "Kicks", Jake padà síṣẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á láti mú ẹnikẹ́ni, kó má lọ mú aláìṣẹ̀. Ọpọlọ ni wọ́n lò níbẹ̀. Apá kan ṣoṣo ni ẹ̀rù náà gbé jù, ó tán. Bí a bá ń ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn nílé wa, àbúrò mi ṣì máa ń dìde dúró.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Gbogbo yín ni mo gbọ́, mi ò sì ní jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ìyá mi ń gbàgbé nǹkan. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó jáde láàárọ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ọlọ́pàá obìnrin kan rí i ní ibùdókọ̀. Yorùbá nìkan ni ìyá mi ń sọ lọ́jọ́ náà, obìnrin yẹn kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó jókòó tì í fún wákàtí kan ààbọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ra tíì fún un. Nígbà tí mo dé, ìyá mi ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.

Àwa méjèèjì la jọ máa ń wo Holt. Ìyá mi kò mọ ìtàn náà mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti rí i, yóò ní, "Àgbàlagbà nìyí." Ẹ má bínú sí mi tí mo bá ní kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Bàbá Ìbejì, Brooklyn

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, a ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi kí Màámà.

Nígbà tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis ní May 2020, Terry Crews sọ fáyé pé ìwé eré mẹ́rin tí wọ́n ti kọ tán ni Dan Goor, ọ̀kan lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, dà nù, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí sáà 8 dé ní August 2021, Rosa ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ apá mẹ́wàá péré ló kù. Ìbéèrè Àǹtí Àdùkẹ́ ló yẹ kí wọ́n ti bèèrè ní sáà 1.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ dákun, ṣé Bàbá ti wo eré náà rí?

Àdùkẹ́ Báárékè

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín lánàá, mo gbé "Moo Moo" sí i fún wọn, mò ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí Holt ti ní kí Terry má fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́, kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàa bàjẹ́, kó dúró di ìgbà tó bá dé ipò gíga, wọ́n ní kí n dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wo ibẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ̀rọ̀.

Nígbà tó parí, mo ti dìde láti pa iná, ni wọ́n bá bi mí bóyá obìnrin ọjọ́ yẹn rí owó náà. A ò sọ ọ́ láàárín ara wa rí láti ọdún yìí wá. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀.