Mo gboyè nínú Ìmọ̀ Ẹ̀sìn: ṣé mo ṣì nílò PGDE (ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gboyè yunifásítì) kí n tó lè máa kọ́ CRK nílé ẹ̀kọ́ girama?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo kí yín o. Mo gboyè B.A. nínú Ìmọ̀ Ẹ̀sìn, mo sì sin ilẹ̀ bàbá mi ní ọdún tó kọjá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí ó jẹ́ ti aládàáni, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2 ní ìmọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí CRK. Nígbà tí mo parí ìsìnlú, wọ́n ní kí n dúró, mo sì dúró. Kí n tó dé ibẹ̀ rárá, ọdún mẹ́fà gbáko ni mo ti fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ wa, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mo wá ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ SS1 ní ìtàn Jósẹ́fù ní sáà yìí. Kíláàsì a máa dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọmọ a máa ṣe àmín, omi tilẹ̀ lé rorò sójú àwọn kan nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti tà á fún àwọn ará Íṣímáẹ́lì. Nígbà tí mo wá fún wọn ní ìdánwò, mo ní kí wọ́n kọ ìdí mẹ́ta tí àwọn arákùnrin Jósẹ́fù fi kórìíra rẹ̀. Nínú ọmọ 43, àwọn 19 ló kọ àdúrà sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan kọ ọ́ pé Ọlọ́run tó gbé Jósẹ́fù ga yóò gbé òun náà ga, àwọn ọ̀tá òun kò sì ní rí òun gbé ṣe. Mo di ìwé ìdánwò náà mú fún ìgbà pípẹ́, n kò mọ iye máàkì tí ó yẹ kí n fún un, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ́ ọ ni ó kọ fún mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú pé kí n lọ ṣe PGDE. Màmá mi àti pásítọ̀ wa sọ pé owó ni mo fẹ́ fi ṣòfò, pé ẹni tó ti mọ Bíbélì tó sì lẹ́bùn ọ̀rọ̀ sísọ ti di olùkọ́ ná. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó pọn dandan? Kí ni wọ́n ń kọ́ ènìyàn níbẹ̀ gan-an tí n kò tíì mọ̀?

Tíṣà Àgbà, Ọ̀yọ́:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, inú mi sì dùn pé o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń bò mọ́lẹ̀. CRK ni mo kọ́ fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì.

Má ṣe bínú sí màmá rẹ àti pásítọ̀ yín, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ní orírun. Ní ìlú Ọ̀yọ́ tí mo ń gbé yìí, àwọn míṣọ́nnárì CMS gbé kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ St. Andrew's kalẹ̀ síbí ní ọdún 1896, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí irú kọ́lẹ́jì bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà láyé ìgbà náà sì jẹ́ olùkọ́ lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n tún ń darí ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹnì kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, nítorí náà àwọn òbí wa kò rí ìdí tí a ó fi yà wọ́n nípa. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ ń retí láti di ọmọ ìjọ kọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ tí o wà lónìí.

Ní ti pé ṣé ó pọn dandan: bẹ́ẹ̀ ni. Òfin tó gbé TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kalẹ̀ ní ọdún 1993 ló sọ iṣẹ́ olùkọ́ di iṣẹ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún bí ti dókítà àti lọ́yà, B.A. láìsí ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ kò sì lè gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà wọn. PGDE ni yóò dí àlàfo náà. Ọdún kan ni fún ẹni tó bá lè máa lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́. Fún ìwọ tí o ti ń ṣiṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ NTI (National Teachers' Institute) tí olú rẹ̀ wà ní Kàdúná ń ṣe é fún àwọn tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wàá jókòó fún PQE, ìyẹn ìdánwò tí TRCN fi ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà; nínú àwọn ìpín tí wọ́n pín olùkọ́ sí, ìpín C sì ni ẹni tó ní B.A. pẹ̀lú PGDE wà.

Wàyí o, ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Wàá kọ́ nípa bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, nípa ìlànà ẹ̀kọ́, nípa ìdíwọ̀n àti ìgbéléwọ̀n, àti nípa ọgbọ́n ìkọ́ni tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ tìrẹ gan-an. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú mi ti là ni TP, ìyẹn àsìkò tí wọ́n rán wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti lọ fi ohun tí a kọ́ dánra wò. Èpísítélì Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì ni mo fẹ́ kọ́ wọn lọ́jọ́ tí ọ̀gá wa wá wò mí. Mo kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi, ní ibi tí a ń kọ èròǹgbà sí, pé ní ìparí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yóò mọ ìtumọ̀ ìdáríjì. Ọ̀gá náà fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ “mọ̀”, ó sì bi mí pé, “Báwo ni ẹ ó ṣe rí i pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n?” N kò rí èsì fọ̀. Ó ní kí n tún un kọ, mo sì kọ ọ́ pé àwọn ọmọ yóò lè dárúkọ ohun méjì tí Pọ́ọ̀lù bẹ Fílémónì fún, wọn yóò sì lè ṣàlàyé ìdí tí ó fi ní kí ó ka gbèsè Ónésímù, ẹrú Fílémónì, sí òun lọ́rùn. Láti orí èyí ni mo ti mọ ìbéèrè tí mo máa bi wọn, mo mọ ohun tí mo máa kọ sójú pátákó, mo sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí n dákẹ́.

Lọ́jọ́ náà ọmọ kan dìde, ó ní ìwọ̀fà ni Ónésímù. Ká ní orí àga ìwàásù ni mo wà, màá kàn ní rárá ni, màá sì máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀fà àti ẹrú fún mi. Wọ́n ṣe é díẹ̀díẹ̀: ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ sin owó tí ẹbí rẹ̀ yá, lọ́jọ́ tí wọ́n bá san owó náà tán, ó di ẹni ara rẹ̀, ẹrú kò ní ọjọ́ kankan tó ń kà. Ìgbà náà ni ọmọ kan lẹ́yìn kíláàsì sọ pé, “A jẹ́ pé ohun tí Pọ́ọ̀lù ń béèrè le o,” nítorí ó ní kí Fílémónì gba ẹrú tó sá lọ padà bí arákùnrin. N kò sọ fún wọn pé kí wọ́n dárí ji ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni wọ́n rí.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Nínú kíláàsì rẹ, ọmọ Mùsùlùmí lè wà, ọmọ oníṣẹ̀ṣe lè wà. Abala 38, ìlà kejì, nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Fi ìgbàgbọ́ rẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kí o wá kọ́ wọn ní ohun tó wà nínú ìwé.

Olùkọ́ IRK, Ìlọrin:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá wa. Arábìnrin, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ àlùfáà tó jáde nílé kéwú ló gbà pé ẹni tó ti há Al-Kùránì sórí kò tún nílò ìwé ẹ̀rí kankan kó tó kọ́ IRK, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Nígbà tí mo dé kíláàsì, mo kọ Hádíìsì kan nínú àkójọ An-Nawawi sójú pátákó ní èdè Lárúbáwá, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé mi. Ìgbà tí mo rìn káàkiri ni mo rí i pé ńṣe ni ọmọkùnrin kan ń ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ya àwòrán, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò lọ sílé kéwú rí láyé rẹ̀. Láàárín àwọn tó ti parí Kùránì àti àwọn tí kò mọ álífù ni olùkọ́ IRK ń ṣiṣẹ́, PGDE ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ àwọn méjèèjì yóò tó.

Ibi kan ṣoṣo ni èrò mi ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Bàbá. Ẹ ní kí a fi ìgbàgbọ́ wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ mọ ẹni tí a jẹ́, wọ́n ń rí wa ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọjà. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrun bí ẹni tí kò kàn, wọn yóò gbà pé mò ń ṣe bojúbojú ni. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ní gbangba: ohun tí ìwé sọ nìyí, ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa rẹ̀ nìyí, ohun tí ẹ ó sì kọ nínú ìdánwò WAEC nìyí. Tí ọmọ kan bá bi mí ní ohun tí èmi fúnra mi gbà gbọ́, mo máa ń dá a lóhùn ní ṣókí, n kì í sì fún un ní máàkì nítorí pé ó gbà pẹ̀lú mi.

Ẹni tó bá rántí ìgbà tí ìjọba kó CRK, IRK àti ẹ̀kọ́ nípa ìlú pọ̀ sábẹ́ orí kan ṣoṣo fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, kó tó di pé wọ́n pàṣẹ ní ọdún 2017 pé kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ padà, yóò mọ bí ara àwọn òbí ṣe máa ń gbóná sí ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ tó bá mọ ọ̀nà tó fi ń kọ́ni ló lè pẹ̀tù sí òbí tó bá fi ìbínú wá sí ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo yà sí i. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní SS3, òun náà fẹ́ kọ́ CRK. Ṣé kọ́lẹ́jì ni kó kọ́kọ́ lọ fún NCE (ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́) ni, àbí kó lọ sí yunifásítì tààrà?

Ẹni tó ṣe NCE, Ìkéréè:

Ìyá Ìbejì, ọ̀nà méjèèjì ló dára. Tó bá lọ sí yunifásítì tààrà fún oyè tí ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú rẹ̀, ọdún mẹ́rin ni, kò sì ní nílò PGDE. Tó bá gba ọ̀nà NCE, ọdún mẹ́ta ni, ìwé náà sì ni ìjọba kà sí èyí tó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní; lẹ́yìn náà ó lè fi gba fọ́ọ̀mù Direct Entry ti JAMB wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ọdún náà pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ méjì ni a máa ń so pọ̀ ní NCE. Èmi so CRK pọ̀ mọ́ Yorùbá. Olùkọ́ CRK kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń gbà. Ẹ̀kọ́ kejì yẹn ló gbé mi wọlé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti pinnu láti gba fọ́ọ̀mù PGDE. Ní báyìí ná, mo fẹ́ tún ìtàn Jósẹ́fù kọ́ àwọn SS1 lọ́jọ́ Ajé. Tíṣà Àgbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wo èròǹgbà tí mo kọ: “Ní ìparí ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè dárúkọ ohun mẹ́ta tó fa ìkórìíra àwọn arákùnrin Jósẹ́fù gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 37.” Ìròyìn búburú tó mú tọ bàbá wọn, ẹ̀wù aláràbarà, àti àwọn àlá rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn.

Tíṣà Àgbà, Ọ̀yọ́:

Ó dára, ọmọ mi, bírò pupa mi kò kan èyí. Ṣùgbọ́n ìrántí nìkan ni ó ń béèrè. Fi ẹyọ kan kún un tí yóò mú wọn ronú: kí wọ́n ṣàlàyé ipa tí ìwà Jákọ́bù kó nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí o sì ṣọ́ra níbẹ̀, nítorí ilé olórogún ni ilé Jákọ́bù, àwọn ọmọ tó ti ilé olórogún wá yóò sì wà níwájú rẹ. Má ṣe ní kí ẹnikẹ́ni fi ilé tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Jákọ́bù, Léà àti Rákélì tó fún un. Kọ ìyẹn náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.